Orúkọ Tí Mo Pè Nínú Ọkọ̀ Ojú Omi

Manígirì,
nígbà ìkórè kajú

Ráúfù ọmọ mi,

Mo kí ọ. Mo kí Màríámù ìyàwó rẹ, mo sì kí ohun tó wà nínú rẹ̀, kí Ọlọ́run sọ ọ́ kalẹ̀ ní àlàáfíà. Ara mi le. Òjò kò tíì rọ̀ níhìn-ín, ọyẹ́ sì ti lọ. Kajú so dáadáa. Omi èèpo rẹ̀ ló sọ ọwọ́ mi di dúdú báyìí, nítorí náà, bí o bá rí àbàwọ́n lórí ìwé yìí, òun ni, kì í ṣe omijé. Omijé náà lè wà níbẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ọ.

Mo kọ̀wé nítorí pé o máa ń yára lórí fóònù. O ó ní, "Màmá, ṣé àlàáfíà ni? Ṣé ẹ ń lo oògùn yín?" Èmi ó ní bẹ́ẹ̀ ni. O ó ní o wà lẹ́nu iṣẹ́, ó dàbọ̀. O sì mọ̀ mí, ọ̀rọ̀ tó bá wúwo, ẹnu mi kì í lè gbé e. Ọwọ́ mi a máa gbé e díẹ̀díẹ̀. Mi ò pẹ́ nílé ìwé Faransé kí wọ́n tó ní kí n wá máa pọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Abẹ́ igi máńgòrò ni wọ́n ti kọ́ àwa ìyá ọlọ́mọ bí wọ́n ṣe ń kọ Nàgó, èdè wa, lẹ́yìn tí a bá ti oko dé. Nítorí náà, fara da ìkọ̀wé mi. Ẹnì kan láti Bàsílà ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín, òun ni yóò mú un wá.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ ọ́ nìyí. Mo pàdé Ìyá Màríámù, àna rẹ, ní ọjà Bàsílà. Ó ti Pénéssoulou wá, ó gbé gààrí. Ó gbọ́ Nàgó díẹ̀, èmi náà gbọ́ Kòtókólí tiwọn díẹ̀, a máa ń fi ọwọ́ parí èyí tó kù. Ó ní ẹ̀yin méjèèjì fẹ́ mú òun wọ ọkọ̀ ojú omi ńlá, irú èyí tí o mú àwa wọ̀ lọ́dún tó kọjá, kí Màríámù tó bímọ. Inú rẹ̀ dùn, àyà rẹ̀ sì ń já.

Ó bi mí pé, "Kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀?"

Mo ní, "Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń wo eré."

"Eré ní èdè wo?"

"Gẹ̀ẹ́sì."

Ó ní, "Kí wá ni èmi ó máa wò?"

Mo rẹ́rìn-ín, mi ò dá a lóhùn. Ìwọ ni mo fẹ́ dá lóhùn, nítorí pé ìwọ ni yóò jókòó tì í. Mo sì fẹ́ kí o mú un gbádùn. Ohun kejì tó wà nínú ìwé yìí, tí mo ti ń gbé kiri láti ìgbà náà, ni pé láti ọjọ́ tí a ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ yẹn, o kò tíì sọ fún mi lẹ́ẹ̀kan pé kí n gbé fóònù fún ẹni tí a jọ ń gbé nílé. Ó máa ń jókòó tì mí bí o bá pè. Ó máa ń ṣí fìlà rẹ̀ bí ẹni tó ń múra. Nígbà tí o bá ti pa á, á tún dé e padà.

Ẹni tí a jọ ń gbé nílé ni mo kọ. Ojú ṣì ń tì mí láti kọ "ọkọ mi". Ìyàwó tuntun ni mo jẹ́ ní ọjọ́ ogbó mi, kò tíì mọ́ mi lára.

Ẹ̀kínní, sọ fún Ìyá Màríámù kí ẹ tó wọ ọkọ̀ pé ilẹ̀ ibẹ̀ máa ń mì. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún wa. Mo rò pé àìsàn ló ń bọ̀ lára mi, mo pa á mọ́ra. Ẹni tí a jọ ń gbé rò pé ara tòun ni, òun náà pa á mọ́ra. A jókòó sórí ibùsùn, olúkúlùkù di etí ibùsùn mú níhà tirẹ̀, a ń rẹ́rìn-ín síra wa bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe. Ìgbà tí omi inú ife dà sí ẹ̀gbẹ́ kan ló tó sọ ọ́ pé, "Ìyá Ráúfù, ṣé ilé ló ń mì ni àbí èmi?"

Sọ fún un pẹ̀lú pé ẹranko tí wọ́n ń fi aṣọ ìnura ṣe sórí ibùsùn, eré ni, kó tú u, kó fi nura. Àwa ò tú u. Ọmọbìnrin tó ń tún yàrá ṣe ká aṣọ ní erin fún wa, ó fi ojú sí i, ó fi ọwọ́ ìjà sí i. Ẹni tí a jọ ń gbé ní ẹni tó bá fara balẹ̀ ṣe irú iṣẹ́ yìí, a kì í fi iṣẹ́ rẹ̀ nu ìdí. A gbé e sórí àga. Lọ́jọ́ kejì, ehoro ni. Ó tún di ọ̀bọ. Ìró mi la wá ń fi nura. Ìgbà tí ọmọbìnrin náà wọlé tó bá gbogbo ẹran rẹ̀ tí wọ́n tò jókòó lórí àga, ó fi ọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó sì dì mọ́ mi. A fún un ní kajú yíyan. Kò gbọ́ èdè wa, a ò gbọ́ tirẹ̀. Nínú gbogbo eré inú ọkọ̀ yẹn, òun ló kọ́kọ́ dùn mọ́ mi.

Èkejì. Má ṣe túmọ̀ gbogbo nǹkan. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló mú ọ ṣe é. Nínú gbọ̀ngàn ńlá yẹn, obìnrin kan jáde ní aṣọ pupa, ó jókòó sórí àga, wọ́n sì gbé àga mìíràn tí ẹnikẹ́ni ò jókòó lé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó ń kọrin, ó ń wo àga náà. O tẹ ẹnu mọ́ mi létí: "Màmá, ó ní ẹni tí òun fẹ́ràn ti lọ."

Mo ti mọ̀, ọmọ mi. Àga yẹn ni mo ń wò láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí o sọ ọ́ ni orin náà já mọ́ mi létí, nítorí mo ní láti sọ fún ọ pé mo gbọ́. Ìgbà tí omi bọ́ lójú mi, o ní, "Ṣé kò dùn ni? Ṣé kí á máa lọ?" O dì mí lápá, o mú mi jáde. Mi ò mọ bí orin náà ṣe parí títí dòní. Bí omi bá bọ́ lójú Ìyá Màríámù, fún un ní nǹkan ìnujú, kí o máa wo iwájú rẹ.

Ẹ̀rín ńkọ́? Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ nìkan ló ń sọ, gbogbo ènìyàn sì ń yí lórí àga. Ìwọ náà rín títí o fi ń lu orúnkún, lẹ́yìn náà lo rántí wa, ojú rẹ sì rẹ̀wẹ̀sì. O bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé. Bí o ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀, kò pa wá lẹ́rìn-ín, inú sì ń bí ọ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a jọ ń gbé ti ń rẹ́rìn-ín láti ìbẹ̀rẹ̀ wá. O bi í pé, "Bàbá, ṣé ẹ gbọ́ ohun tó sọ ni?" Ó ní, "Rárá o. Ẹ̀rín ìyá sísanra tó wà níwájú yẹn ni mò ń rín." Òótọ́ ni. Èmi náà wò ó, ìyá náà ń rín bí ewúrẹ́ tí ń húkọ́, èmi náà bá bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí kò gbọ́ èdè a máa rí nǹkan wò. Má káàánú rẹ̀ jù.

Èyí tó kàn, mo ti ṣi kíkà. Ó jẹ́ ti àwọn tó ń gun okùn. Ọmọkùnrin kan gun òkè lọ títí ó fi kan àjà, kò sí nǹkan lábẹ́ rẹ̀, gbogbo gbọ̀ngàn sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ẹni tí a jọ ń gbé dìde dúró, ó ké pé, "Rọra o! Di ọwọ́ òsì mú!" Gbogbo orí yí sí wa. O fà á lẹ́wù, o ní, "Bàbá, ẹ jókòó, wọn kì í ṣe bẹ́ẹ̀ níbí." Ó jókòó. Ó rọra bi mí pé, "Ṣé a fẹ́ dákẹ́ títí á fi já bọ́ ni?"

O mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é nílé. Bí ẹnì kan bá gun igi irúgbá tàbí igi ọ̀pẹ fún wa, a kì í wò ó ní dídákẹ́. Àwa tó wà nílẹ̀ là ń di ẹ̀ka mú fún un pẹ̀lú ẹnu. Bí Ìyá Màríámù bá ké, jẹ́ kó ké. Kí ojú má tì ọ́ nítorí rẹ̀. Tí ojú bá sì tì ọ́, má jẹ́ kó rí i, nítorí pé a máa ń rí i. Ẹni tí kò gbọ́ èdè, ojú ọmọ rẹ̀ nìkan ló ń kà ní gbogbo ibẹ̀.

Mo ti ń yí ọ̀rọ̀ ká. Jẹ́ kí n wá sọ ọ́.

Nígbà tí mo jẹ́ ìyàwó àkọ́fẹ́, ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ bá àwọn ìyàwó ilé lọ sí kànga, mo rí àbúrò bàbá rẹ tó ń bọ̀, mo sì fi orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ pè é kí ó wá gbé omi rù mí. Àwọn ìyàwó ilé gbé korobá sílẹ̀, wọ́n wò mí. Ẹgba ò tó ohun tí ẹ̀rín wọn ṣe fún mi. Wọ́n ní, "Ọmọ yìí, ṣé ìwọ lo bí i ni?" Láti ọjọ́ náà, mo kọ́ ẹnu mi. Àbúrò bàbá rẹ di "Akọ̀wé" lẹ́nu mi. Bàbá rẹ fúnra rẹ̀, "ẹ gbọ́ ná" ni mo ń pè é, títí tí mo fi bí ọ. Ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, èmi náà rí nǹkan pè é. Bàbá Ráúfù. O ò mọ irú ayọ̀ tó wà nínú rẹ̀. Mo ń lọ mo ń bọ̀ nínú ilé, mò ń pè é láìní ìdí. Á ní, "Kí lo fẹ́?" Màá ní kò sí nǹkan. Bàbá Ráúfù ni mo pè é títí wọ́n fi gbé e jáde nílé, mo sì tún ń pè é lẹ́yìn ìyẹn nígbà tí ẹnikẹ́ni ò sí nítòsí.

Òun ló máa ń sọ fún mi, nígbà tí a bá ń wo àwọn ọkọ̀ akẹ́rù tó ń kọjá lọ sí gúúsù, pé lọ́jọ́ kan òun ó mú mi lọ wo òkun ní Kútọnu. Gbogbo ìgbà tí a bá ta iṣu tán ló máa ń sọ ọ́. A ò lọ. Ẹnì kan á ṣàìsàn, tàbí kí òrùlé jò. Nítorí náà, ìgbà tí o mú mi wọ ọkọ̀ yẹn, tí mo rí omi tí kò lópin, ẹni tó wà lọ́kàn mi kì í ṣe ẹni tó dúró tì mí. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé kò ní jáde.

Lẹ́yìn náà lo mú wa lọ sí eré àwọn tọkọtaya. Ọ̀sán ni, ọkọ̀ kò dúró ní èbúté kankan lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin tó ń darí eré náà ń rìn kiri pẹ̀lú míkírò tó ń gbé ohùn jáde, ó ń wá tọkọtaya tó pẹ́ jù, ó sì ń wá èyí tó tuntun jù. Mi ò gbọ́ ohun tó ń sọ. Mo kàn rí i tí o na ọwọ́ sókè, o ń tọ́ka sí wa, gbogbo ènìyàn sì yíjú, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. O rẹ́rìn-ín bí ìgbà tó o wà ní kékeré tí o bá gbé èsì ìdánwò rẹ wálé. Mo bi ọ́ pé kí ló dé. O ní, "Màmá, ẹ̀yin ni ìyàwó tuntun. Ẹ jẹ́ ká lọ sókè. Eré ni."

Ọmọ mi, ǹ bá ti kọ̀. Inú rẹ ló dùn tó bẹ́ẹ̀, mi ò fẹ́ bà á jẹ́.

Ìmọ́lẹ̀ ibẹ̀ gbóná. Wọ́n fi wá sórí àga, ìwọ dúró lẹ́yìn wa pẹ̀lú míkírò kejì láti máa túmọ̀. Ọkùnrin náà kọ́kọ́ bi ẹni tí a jọ ń gbé pé kí ni orúkọ ìyàwó rẹ̀. Ó ní, "Ìyá Ráúfù." O túmọ̀ rẹ̀, o sì nawọ́ sí àyà ara rẹ pé ìwọ ni Ráúfù náà. Gbogbo gbọ̀ngàn ṣe "óò", ó dùn mọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ló gbé míkírò sí èmi náà lẹ́nu.

O ní, "Màmá, wọ́n ní kí ẹ sọ orúkọ ọkọ yín."

Mo ní, "Ìwọ sọ fún wọn."

"Wọ́n ní ẹnu yín làwọn fẹ́ ti gbọ́ ọ."

"Mi ò lè sọ ọ́, o mọ̀."

"Màmá, kò sí ará Manígirì kankan níbí. Eré ni."

Ọkùnrin náà kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, papọ̀, bí ìgbà tí a ń gún iyán. Mo wo ilẹ̀. Mo mọ̀ pé mi ò lè pe orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́. Mo wá nǹkan mìíràn nínú ẹnu mi. Ohun kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ó jáde.

"Bàbá Ráúfù."

Míkírò náà gbé e lọ sí gbogbo igun gbọ̀ngàn. Àwọn ènìyàn ń dúró kí o túmọ̀. Ẹni tí a jọ ń gbé fi ọwọ́ kan fìlà rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ náà lé itan padà. Nígbà tó yá, o sọ orúkọ rẹ̀, orúkọ tó wà nínú pásípọ̀, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ gan-an, wọ́n fún wa ní ọkọ̀ ojú omi kékeré tí wọ́n fi góòlù kùn. Nínú gbogbo ogunlọ́gọ̀ yẹn, àwa mẹ́ta péré la gbọ́ ohun tí mo sọ.

Èyí ni ìmọ̀ràn tó ṣe pàtàkì jù fún ọ nípa Ìyá Màríámù. Má ṣe na ọwọ́ sókè fún un. Kì í ṣe pé eré náà burú. Àwọn tó kù gbádùn rẹ̀, arúgbó kan àti ìyàwó rẹ̀ jà lórí ẹni tó ń hanrun, mo sì rẹ́rìn-ín kí ó tó kàn mí. Ṣùgbọ́n ó ní ohun tí èèyàn ti tò sẹ́nu, tí ó mọ ibi tí gbogbo rẹ̀ wà. Bí o bá gbé ìmọ́lẹ̀ sí i lójijì, kò ní mọ èyí tí yóò mú.

Lẹ́yìn ìgbà náà, o dúró sí ẹ̀gbẹ́ irin tó wà létí ọkọ̀, o kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo wá bá ọ. Láìwojú mi, o ní, "Màmá, bí Bàbá bá ṣì wà lẹ́nu yín báyìí, kí lẹ fẹ́ ọkọ mìíràn fún?"

Ẹni tí a jọ ń gbé wà lẹ́yìn wa, mi ò mọ̀ bóyá ó gbọ́. Ohun tó kàn sọ ni pé, "Ìyá Ráúfù, afẹ́fẹ́ yìí pọ̀, ẹ bo orí yín."

Ìdáhùn mi nìyí, ó ti pẹ́ dé.

Mo fẹ́ ọkọ nítorí pé ilé dákẹ́ jù. Màá se ọbẹ̀ tí mo mọ̀ pé yóò kan. Màá gbọ́ alùpùpù níta, màá dìde, á sì kọjá lọ. Oko ọkùnrin yìí àti oko bàbá rẹ wà ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn, o rántí. Ìgbà tí bàbá rẹ kú, tí a kò tíì kọ ebè, a débẹ̀ lọ́jọ́ kan a bá apá kan rẹ̀ ní kíkọ. Kò sọ pé òun ni. Ebè rẹ̀ ni mo fi mọ̀ ọ́n, o mọ̀ pé ó máa ń kọ ọ́ ga ju ti gbogbo ènìyàn lọ. Ó pẹ́ gan-an lẹ́yìn náà kó tó rán ẹnikẹ́ni sí mi pé òun fẹ́ fẹ́ mi. Títí di ìsinsìnyí, "ẹ" ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, bí ẹni pé àlejò ni mí. Ara mi ń yá bí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìyẹn náà ṣòro fún mi láti kọ sí ọmọ mi.

Ìgbà tí a dé ilé láti ọ̀dọ̀ yín, mo bẹ̀ ẹ́. Inú oko la wà, a ń fi ewé bo orí ebè. Mo ní kó forí jì mí fún ohun tí mo pè é níwájú àwọn òyìnbó. Ó bo ebè mẹ́ta kan kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyàwó mi àkọ́kọ́ náà ò rí nǹkan pè mí títí ó fi kú. 'Ẹ gbọ́ ná' ni. Ó ti mọ́ mi lára."

O mọ̀ pé wọn ò bímọ. Gbogbo Manígirì ló mọ̀, mi ò sì ronú nípa rẹ̀ rí ní ọ̀nà yẹn. Ọkùnrin náà ti darúgbó, kò sì sí obìnrin kan tó tíì pè é ní bàbá ẹnikẹ́ni nínú ilé ara rẹ̀. Ọjọ́ tí ẹnì kan wá sọ ọ́ sí i létí níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn, orúkọ ẹlòmíràn ni. Ó rò fún ìgbà díẹ̀ pé òun ni mo ń pè, kí ó tó mọ̀. Mo rí ojú rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ kan fìlà. Ráúfù, inú rẹ̀ ti kọ́kọ́ dùn. Ohun tí mi ò lè gbàgbé nìyẹn.

Mo ti gbìyànjú nǹkan mìíràn. Mo pè é ní "Bàbá" lásán, ó dún létí mi bí ìgbà tí mò ń pe bàbá tó bí mi. Mo pè é ní "Alájì", ó ní òun ò tíì lọ sí Mẹ́kà, kí n má fi òun dá ẹ̀ṣẹ̀. A rẹ́rìn-ín, a sì padà sí "ẹ gbọ́ ná".

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ nìyí, mo sì ti kọ ọ́, mo ti pa á rẹ́ kí n tó tún kọ ọ́. Ọmọ tó wà nínú Màríámù, bí Ọlọ́run bá mú un dé, tí ẹ bá ti sọ ọ́ lórúkọ, ṣé wàá jẹ́ kí n máa fi pe ọkùnrin yìí? Bàbá àgbà rẹ̀. Kì í ṣe láti gba ipò bàbá rẹ. Bàbá rẹ ni bàbá àgbà ọmọ náà, èmi fúnra mi ni n ó sọ ọ́ fún un bó bá ti lè gbọ́rọ̀. N ó mú un lọ sí ibi tí ó sùn sí. Ṣùgbọ́n bàbá rẹ kò lè dáhùn mọ́ bí a bá pè é. Ẹni tó lè dáhùn wà níbí, kò sì sí ohun tí a ń pè é.

Bí o bá ní rárá, mi ò ní bínú. N ó mọ̀ pé bàbá rẹ lo ń dá dúró sí ipò rẹ̀, ìfẹ́ sì ni ìyẹn náà. Má dá mi lóhùn lórí fóònù ní kíákíá. Ẹ wọ ọkọ̀ yín. Kí o jókòó ti Ìyá Màríámù, kí o jẹ́ kó wo àga, kó wo ẹ̀rín, kó ké sí ẹni tó ń gun okùn. Bí wọ́n bá bi í ní orúkọ, Ìyá Màríámù ni kí o sọ, ó tó. Bí o bá wà létí irin yẹn nígbà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, rò ó. Bí o bá gbà, kò pọn dandan kí o sọ fún mi. Ìgbà tí ọmọ bá dé, tí o bá pè, kan sọ pé kí n gbé fóònù fún bàbá àgbà. Yóò yé mi.

Ọ̀rọ̀ ti pọ̀. Ó ti oko dé báyìí, mo gbọ́ alùpùpù rẹ̀, kò kọjá lọ. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ní kí n wá bá òun sọ agbọ̀n kajú kalẹ̀. "Ìyá Ráúfù." Orúkọ rẹ ló ń pè kí ojúmọ́ tó là tán, òun náà ló ń pè bó bá ti ń wọlé, kò sì sí ọjọ́ kan tó ti rẹ̀ ẹ́ láti pe ọmọ ẹlòmíràn kí ó tó rí mi.

Mo ní mò ń bọ̀. Mo dúró díẹ̀ bóyá ẹnu mi á rí nǹkan fi kún un.

Mo tún ní mò ń bọ̀.

Èmi ni,
Ìyá Ráúfù